Bí Ìbàjẹ́ Ilé Yín Bá Ti Ọ̀dọ̀ Onílé Kejì Wá

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni, ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó tí ó ń gba ọwọ́ mi kọjá, èyí tí a kọ "àtúnṣe ilé" sí kò wọ́n. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, torí ilé tí a kò bá tún ṣe, wíwó ni í wó. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹnì kan náà á yáwó tún ògiri kan ṣe, kò ní pé ọdún méjì, á tún padà wá yáwó lórí ògiri yẹn kan náà. Bí a bá sì wádìí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, bíríkìlà mọṣẹ́, kì í sì í ṣe pé ayé ń ṣe ẹni náà. Omi ni ó ń bọ̀ láti orí òrùlé ilé kejì, tàbí gbòǹgbò igi onílé kejì, tàbí ihò tí wọ́n gbẹ́ sẹ́bàá ìpìlẹ̀ wa. Owó ti bá omi lọ, gbèsè kù sílẹ̀, àwọn onídùúró méjèèjì kò lè yá owó tiwọn nítorí pé wọ́n ṣì ń dúró fún gbèsè ẹlòmíràn, àwọn onílé méjì kò sì kí ara wọn mọ́.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò pọ̀. Kí ẹ tó yáwó lé ògiri, ẹ kọ́kọ́ bá onílé kejì wo ohun tí ó ń bà á jẹ́, kí ẹ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò ṣe kí ni, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ nílò tó ìdajì owó tí ó fẹ́ yá tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ṣe àpẹẹrẹ. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ní kí n sọ ọ́ kí ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Aṣọ ni ìyá náà ń tà. Ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé ní àárín ìlú Ìbàdàn, ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ lára, yàrá ẹ̀yìn ni ó sì ń kó ìdì aṣọ sí. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé yìí ni bàbá kan kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí. Ọ̀nà tóóró tí ó wà láàárín ilé méjèèjì kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, etí páànù bàbá náà sì yọ wá sórí rẹ̀ láìsí gọ́tà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa da sí ìdí ògiri ìyá aláṣọ, èyí tí ó bá ta á máa ta sára ògiri. Ó yáwó lẹ́ẹ̀kínní, ó tún un rẹ́. Ó yáwó lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un rẹ́. Lọ́jọ́ tí omi wọ inú ìdì lẹ́ẹ̀sì, ó bọ́ síta, ó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, ọmọ bàbá náà fèsì, ọ̀rọ̀ di ti àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ àárín aládùúgbò ni, kí wọ́n lọ bá àwọn àgbà.

Ìṣirò ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ bá mi ṣe é. Bí òjò bá rọ̀ tí ó tó mílímítà kan, lítà omi kan gééré ni ó bọ́ sórí ibi tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì gùn ní mítà kan. Apá òrùlé bàbá yìí tí ó kọjú sí ilé ìyá aláṣọ gùn ní mítà 10, ó sì fẹ̀ ní mítà 5. Irú ibi onímítà kan bẹ́ẹ̀ 50 ni ó wà lórí rẹ̀. Òjò ńlá tí ó rọ̀ mọ́jú lè tó mílímítà 50. Ìlọ́po 50 lọ́nà 50 jẹ́ 2,500. Lítà omi 2,500 nìyẹn ní òru ọjọ́ kan, èyí tí yóò kún àgbá ńlá onílítà 200 méjìlá, tí yóò tún kù ìdajì. Òjò Ìbàdàn láàárín ọdún kan sì máa ń lé ní mílímítà 1,200. Tí a bá ṣe é pọ̀, àgbá omi 300 ni apá òrùlé kan ṣoṣo yẹn ń dà sí ìdí ògiri kan ṣoṣo lọ́dọọdún.

Nígbà tí a ṣe ìṣirò yìí lójú bàbá onípẹ́tẹ́ẹ̀sì, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Mo rò pé omi díẹ̀díẹ̀ ni." Bàbá náà kò purọ́. Ẹni tí ó ń gbé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kì í rí ìdí ògiri ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, òrùlé tirẹ̀ kò sì jò.

Àwọn tí ń gbé ilé alámọ̀ nínú wa kò kéré, nítorí náà mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí. Símẹ́ńtì tí a fi rẹ́ ògiri amọ̀ kì í jẹ́ kí amọ̀ inú rẹ̀ mí. Bí símẹ́ńtì náà bá ti sán níbì kan, omi á gba ojú ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n oòrùn kò ní lè fà á jáde. Amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́ símẹ́ńtì, ojú kò sì ní rí i. Ẹ fi ìka kan ògiri náà kó-kó-kó. Ibi tí ó bá dún bí igbá òfìfo, símẹ́ńtì ti yà kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tún símẹ́ńtì mìíràn rẹ́ lé e, ẹrù lásán ni ẹ dì rù ú. Kí a kọ́kọ́ dá omi dúró, kí a bó símẹ́ńtì tó ti yà dànù, kí a jẹ́ kí ògiri gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn náà ni a óò tó rẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá ń rẹ́ ògiri amọ̀ lóṣù keje tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, òun àti owó rẹ̀ ni.

Bí àwọn méjèèjì ṣe parí rẹ̀ nìyí. Bàbá ra gọ́tà sí etí páànù rẹ̀, ó sì darí omi náà sí gọ́tà ìta. Ìyá aláṣọ san owó rírẹ́ òkè ògiri, nítorí pé ògiri náà ti dàgbà, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìdí ògiri tí omi ti jẹ wọ inú, wọ́n pín owó rẹ̀ sí méjì. Aṣọ tí ó bàjẹ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni ó ti le jù. Bàbá ní òun kò rí owó lẹ́ẹ̀sì san, òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé aṣọ wà níbẹ̀. Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ó gbà láti san díẹ̀ níbẹ̀, ní ìgbà mẹ́ta, ìyá náà sì fara mọ́ ọn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní wọ́n rẹ́ ìyá náà jẹ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi ti wọlé bá lẹ́ẹ̀mejì, tí ó tún kó ìdì aṣọ ti ògiri kan náà, ní ìpín tirẹ̀ nínú àdánù yẹn. Ilé ẹjọ́ pàápàá máa ń bèèrè ohun tí ẹni tó fẹjọ́ sùn ṣe láti dín àdánù ara rẹ̀ kù.

Wàyí o, báwo ni a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdé àgọ́ ọlọ́pàá?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ ara yín ná. Ẹ mú ìwé sọ́fè ilẹ̀ yín jáde, kí ẹ wá òpó sọ́fè tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti àtijọ́ tí kò ní sọ́fè, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí pèrègún wà. Mo ti rí ẹni tí ó ń bá onílé kejì jà lórí ògiri tí ó jẹ́ pé inú ilẹ̀ onílé kejì gan-an ni ògiri náà wà. Bí ògiri náà bá jókòó sórí ààlà, tí igi àjà ẹ̀yin méjèèjì sì gùn ún, ti ẹ̀yin méjèèjì ni, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò sì jọ náwó lé e. Ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin ni ẹ da ìdọ̀tí dí ọ̀nà omi, tàbí tí ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí ibi tí àgbàrá ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá wo èyí, onílé kejì yóò bá yín wò ó, lójú gbogbo àdúgbò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀rí. Kò le. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin ibi tí ògiri sán dé lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di oṣù tí ń bọ̀ tí ó ti kọjá àmì, gbogbo ènìyàn ni yóò rí i pé ó ń lọ síwájú. Ẹ lè fi símẹ́ńtì pẹlẹbẹ kékeré kan gbá ojú ibi tó sán náà mú, kí ẹ kọ déètì sí i. Bí símẹ́ńtì yẹn náà bá sán, ògiri ṣì ń rìn nìyẹn. Bí kò bá sán, ó lè jẹ́ pé ohun tó bà á jẹ́ ti dáwọ́ dúró tipẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán nígbà tí òjò ń rọ̀, kí a rí omi náà níbi tí ó ti ń dà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ti fàyè gba irú ẹ̀rí inú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹjọ́, bí a bá ti mú un wá ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀.

Ẹ má fi ìwé lọ́yà bẹ̀rẹ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ̀yin àti onílé kejì yóò sì máa rí ojú ara yín láràárọ̀. Ẹ lọ bá a lójú mọ́mọ́, nígbà tí òjò kò rọ̀, tí inú kò sì bí yín. Ẹ má lọ bá a lójú àwọn ayálégbé rẹ̀, nítorí kò sí lándílọ́ọ̀dù tí yóò gbà pé òun jẹ̀bi lójú ẹni tí ń san owó ilé fún un. Bí ó bá jù yín lọ, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lè sọ báyìí pé: "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, mi ò bá tìjà wá o. Ògiri wa kan ló ń dà wá láàmú, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa dé ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ ẹ bá wa wò ó." Ẹ kíyè sí i pé ẹ kò tíì sọ pé òun ló bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó dé ìdí ògiri, kí ojú ara rẹ̀ rí i. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn, bí wọ́n bá ti rí i, àwọn fúnra wọn ni yóò dárúkọ gọ́tà.

Ṣùgbọ́n ta ni onílé yẹn gan-an? Ìbéèrè yìí ti dojú ọ̀pọ̀ àdéhùn rú. Onílé lè wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó jẹ́ pé kiateká ni ẹ ń rí. Kiateká lè gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, kò lè fọwọ́ sí i pé onílé yóò san owó, àfi bí onílé bá kọ̀wé fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ayálégbé kò lè ṣe é rárá. Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí ni, ẹ má gba ìfọwọ́sí ọmọ kan ṣoṣo, bí ó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ọmọ bíi mélòó kan ni kí ó fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yòókù yóò ní àwọn kò mọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ pé ẹ yá ṣọ́ọ̀bù lò ni, onílé tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, òun ni ọ̀rọ̀ ògiri kàn.

Lórí iye owó, ẹ má mú bíríkìlà tiyín lọ kí òun náà mú tirẹ̀ wá. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ti yín yóò sọ iye tí ó ga, tirẹ̀ yóò ní kò sí nǹkan tó ṣe ògiri. Ẹ jọ mú ẹnì kan tí ẹ̀yin méjèèjì gbà, kí ẹ jọ san owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ohun méjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tí ó fa ìbàjẹ́, àti iye tí àtúnṣe yóò gbà. Bí ilé náà bá jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tàbí tí ibi tó sán bá gba inú òpó tàbí dẹ́kìnnì kọjá, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ bíríkìlà. Ẹ wá ẹnjiníà tí ó ní ìwé àṣẹ.

Àdéhùn náà kò gbọ́dọ̀ gùn. Ẹ kọ déètì, orúkọ àti àdírẹ́sì onílé méjèèjì, ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí ó fà á, ẹni tí yóò ṣe kí ni àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀, iye tí olúkúlùkù yóò san, àti ẹni tí yóò máa kó ìdọ̀tí inú gọ́tà náà lọ́jọ́ iwájú. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Gọ́tà tí ewé dí, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ni. Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan nínú àwọn onílé náà kò bá mọ̀wé kà, ẹ ka ìwé náà sí i létí ní èdè Yorùbá kí ó tó tẹ ìka, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kà á fún un, ó sì yé e. Ẹni tí ó bá sì bá a kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Òfin tí ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí ó ti wà ní apá ìwọ̀ oòrùn níbí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ará àdúgbò kọ lẹ́tà, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Bí onílé kejì bá kọ etí ikún ńkọ́? Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí òfin wí, kì í ṣe nítorí kí ẹ lè sáré lọ sí kóòtù, bí kò ṣe kí ẹ lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ yín dúró sí. Púpọ̀ nínú òfin wa lórí èyí, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún rẹ̀. Onílé lè lo ilé rẹ̀ bí ó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ lò ó débi tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò fi ní rí ilé tirẹ̀ gbádùn. Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo lọ́yà mọ̀, ẹjọ́ Rylands àti Fletcher, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì parí ní 1868. Rylands gba àwọn kọngílá pé kí wọ́n ṣe adágún omi fún ilé iṣẹ́ rẹ̀. Omi náà gba ihò àtijọ́ abẹ́ ilẹ̀, ó ya wọ inú ibi tí Fletcher ti ń wa èédú. Rylands fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ihò kankan wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní kí ó san owó ìbàjẹ́. Àwọn adájọ́ ti fi ààlà sí ẹjọ́ yìí láti ìgbà náà, omi ẹ̀rọ lásán tí a ń lò nínú ilé kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ pé "kọngílá ló ṣe é, èmi kọ́," kí ó rántí Rylands.

Ní ti igi, bí ẹ̀ka máńgòrò onílé kejì bá wọ inú ilẹ̀ yín, òfin fún yín láyè láti gé e dé orí ààlà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbòǹgbò. Ẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilẹ̀ rẹ̀ lọ gé e, ẹ̀ka tí ẹ gé àti máńgòrò tí ó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ó dára kí ẹ sọ fún un kí ẹ tó gbé àdá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ògiri tàbí páànù rẹ̀ ni ó yọ wọlé, ẹ má fọwọ́ ara yín wó o o! Ẹjọ́ yín tí ó tọ́ yóò di ẹ̀bi lójijì.

Iṣẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun náà tún wà. Bí onílé kejì bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ìpìlẹ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀bá ilé yín, ọjọ́ tí ó da iyanrìn sílẹ̀ ni kí ẹ ti lọ kí i, kí ẹ sì jọ ya àwòrán ògiri yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ pé kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa gbé e ró, ẹni tí ó bá gbẹ́ ẹ tí ti ẹlòmíràn fi ya ni yóò dáhùn fún un. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní ilé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ èyí dáadáa. Òfin Ògiri Àjọni tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1996 ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ láàárín mítà 3 sí ilé ẹlòmíràn, tí ihò náà yóò sì jìn ju ìpìlẹ̀ ilé ẹni náà lọ, kọ̀wé fún un ní oṣù kan ṣáájú. Kò sí ohun tí ó ní kí àwa náà má ṣe bẹ́ẹ̀ síra wa níbí.

Nípa ibi tí a lè gbé ọ̀rọ̀ lọ, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ni ó yẹ kí ó ṣáájú, lẹ́yìn náà Mọ́gàjí tàbí Baálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣalángá, ihò sókàwéè tàbí àgbàrá tí ń rùn, àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn. Wọ́n lè fún onílé náà ní ìwé pé kí ó tún un ṣe láàárín ọjọ́ báyìí-báyìí. Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó a máa sọ pé kí mítà 30 wà láàárín ṣalángá àti kànga. Pulọ́ọ̀tì wa tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, gígùn rẹ̀ látòkè délẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 30 yẹn náà, nítorí náà ẹ fi ojú inú wo ibi tí kànga yín wà sí ihò onílé kejì kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé ihò tiyín ló sún mọ́ kànga tirẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ní ilé ní Èkó ní àǹfààní kan. Láti 1999 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti dá ibi ìlàjà fún àwọn ará ìlú sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre, wọn kì í sì í gba owó. Wọ́n á pe ẹnì kejì, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí ni wọn yóò kọ sílẹ̀. Ní 2018 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ kóòtù àwọn gbèsè kéékèèké ní Èkó. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni ó wà fún, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Ẹ wo àǹfààní ìwé àdéhùn níbí. Bí ẹ bá gbé ẹjọ́ "ó ba ògiri mi jẹ́" lọ síbẹ̀, wọn kò ní gbà á, torí kò sí ẹni tí ó mọ iye tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí onílé kejì bá ti fọwọ́ sí i pé òun yóò san iye kan ní ọjọ́ kan, tí kò san, ó ti di gbèsè tí a mọ iye rẹ̀, kóòtù yẹn lè gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìlàjà kankan. Ògiri tí ó bá ti ń fì, tí ó wú ní ikùn, tàbí tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé inú rẹ̀ kò bá ṣí mọ́ lójijì, ẹ kó ènìyàn àti ọjà kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ tiyín, ìbáà jẹ́ ti onílé kejì. Ní Èkó, LASBCA ni àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí ń fọwọ́ sí pílánì ilé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ ń bára yín jà kí ẹ má sọ fún onílé kejì pé ògiri rẹ̀ ń bọ̀ wá wó. Àwọn ọmọ tí ń ṣeré ní ẹ̀yìnkùlé kò mọ ti ìjà yín.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yáwó. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá gba fọ́ọ̀mù àtúnṣe ilé lọ́wọ́ mi, ẹ mú àwòrán ògiri náà dání, kí ẹ sì mọ̀ pé n óò bi yín ní ibi tí omi ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ láti ọ̀dọ̀ onílé kejì, ẹ mú ẹ̀dà àdéhùn yín wá, tàbí kí ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tí kò bá tíì bá onílé kejì sọ̀rọ̀ rárá, kí ó lọ ṣe ìyẹn ná, kò gba ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà kan láti inú ẹgbẹ́ tẹ̀lé yín lọ, ẹ sọ fún mi lẹ́yìn ìpàdé. Àwọn onídùúró náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti wo ògiri náà kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.